Ọkọ̀ mi ń súfèé tí míítà bá ti dé 80: ẹ bá mi wá ibi tó ti ń wá

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Corolla 2005 ni mo ń wà, tọ́kúnbọ̀ ni, jíà òtòmátíìkì. Aṣọ ni mo ń tà, ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí n má gba márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ọkọ̀ yìí ti ń súfèé. Nígboro, kò sí nǹkan kan. Àmọ́ tí mo bá ti kọjá Tóògéètì, tí míítà wọ 80, ìró kan á bẹ̀rẹ̀, tín-ín-rín, fíìì. Tó bá fi máa di 100, á ti máa gún mi létí débi pé ẹni tó jókòó tì mí á ní láti pariwo kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé òkè lápá ọ̀tún ló ti ń wá, ṣùgbọ́n mi ò lè búra.

Mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe ní bíárìn iwájú tí taya fi ń yí ni. Mo ra bíárìn, ó pàrọ̀ ẹ̀, ìró ò lọ. Ní báyìí ó ní kí n lọ wá alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, ní ọjà Àràrọ̀mí, ní Gate. Owó alternator kì í ṣe owó tí èèyàn ń ṣèèṣì ná. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti rí irú ẹ̀ rí?

Dírẹ́bà Ọ̀jọ́ta

Màmá, ẹ kú ìrìn o. Bẹ́líìtì fáànù ni. Tó bá ti gbẹ, tó ti le, ṣe ló máa ń ké báyẹn. Ẹ ní kí wọ́n pàrọ̀ ẹ̀, kò wọ́n bí alternator.

Mẹkáníìkì Ìwó Road

Ìyá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹni tó ń pàrọ̀ páàtì kó tó mọ ibi tí ìró ti ń wá, owó oníbàárà ló fi ń ṣe àyẹ̀wò, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí i. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀: ṣé ẹ́ńjìnnì ni ìró yìí ń tẹ̀ lé, àbí eré tí ọkọ̀ ń sá?

Ẹ lè mọ̀ ọ́n fúnra yín. Tí ẹ bá dé ibi tí ọ̀nà ti gún, tí ọkọ̀ ò sì pọ̀, ẹ jẹ́ kó dúró lórí 90. Bọ́tìnnì O/D (overdrive) kan tó wà fún jíà kẹrin wà lára ọ̀pá jíà yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Jíà á já sílẹ̀ sí ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnnì á ké sókè, ṣùgbọ́n eré ọkọ̀ á wà níbi tó wà. Tí súfèé náà bá bá ẹ́ńjìnnì gòkè, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì la ti máa wá a: bẹ́líìtì, alternator, họ́ọ̀sì atẹ́gùn. Tí kò bá yí padà rárá, ẹ́ńjìnnì ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó wá ku taya, bíárìn, bíréékì, àti afẹ́fẹ́ tó ń lu ara ọkọ̀.

Àwọn kan máa ń ju jíà sí fírí lórí eré láti fi mọ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọwọ́ ọkọ̀ á le gbagidi, tẹ́ ẹ bá sì ti tẹ bíréékì bí ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta, òun náà á le.

Ní ti bíárìn tí wọ́n ti pàrọ̀: bíárìn tó ti jẹ kì í sábà súfèé, ṣe ló máa ń kùn, hùùù. Tẹ́ ẹ bá darí ọkọ̀ díẹ̀ sósì, tẹ́ ẹ tún darí ẹ̀ sọ́tùn-ún, ìkùn náà á yí padà, torí ẹ̀gbẹ́ tí ìwúwo ọkọ̀ bá tẹ̀ sí ló ń pariwo jù. Bẹ́líìtì ní tiẹ̀, àárọ̀ tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná ló máa ń ké, tàbí tẹ́ ẹ bá tan AC. Kì í dúró de 80 kó tó sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Peckham

Mo kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù níbí. Báàsì dísù ni mo fi ń ṣiṣẹ́, òun náà súfèé nígbà kan. Họ́ọ̀sì tó ń gbé atẹ́gùn jáde lára turbo, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn kún ẹ́ńjìnnì, ló là, lábẹ́, níbi tí ojú ò dé. Tí mo bá ti tẹ iná mọ́ ọn á súfèé, agbára ọkọ̀ á sì já. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ bá mi bi Ìyá Ìbejì bóyá ó ń dákẹ́ tí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná.

Mẹkáníìkì Ìwó Road

Ìbéèrè tó dáa ni. Corolla tiwọn ò ní turbo, pẹtiróòlù ló ń jẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wa dísù tó ka ibí yìí, kó fi ti Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sọ́kàn. Turbo tó pé gan-an máa ń dún díẹ̀. Tí ìró ẹ̀ bá ṣàdédé le sí i, tí ọkọ̀ sì ń fà nílẹ̀ tàbí tí sàlẹ́ńsà ń tú èéfín dúdú, kó tètè lọ wo họ́ọ̀sì ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ọlọ́run á bù kún yín. A lọ sí Èkó láàárọ̀ yìí. Àbúrò mi ọkùnrin ló wà á, èmi jókòó sẹ́yìn kí n lè ráyè fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn Ògèrè ni ọ̀nà já gaara. Ó tẹ bọ́tìnnì yẹn, ẹ́ńjìnnì ké, súfèé ò yí padà rárá. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, súfèé ń lọ bó ṣe ń lọ, àfìgbà tí eré wálẹ̀ sí bíi 70. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára.

Olùkọ́ Ìkìrun

Ẹ yẹ pádì bíréékì wò náà. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lára pádì tó jẹ́ pé tí pádì bá ti jẹ tán, irin yẹn á máa kan dísìkì, á sì máa han gooro. Wọ́n dìídì ṣe é síbẹ̀ kó lè kìlọ̀ fún awakọ̀ ni. Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá rọra fẹsẹ̀ kan bíréékì, á dákẹ́ tàbí kó yí ohùn padà.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

A dán ìyẹn wò nígbà tí à ń padà bọ̀, Olùkọ́. Bíréékì ò ṣe nǹkan kan sí i. Àmọ́ nǹkan méjì mìíràn ṣẹlẹ̀ tó yà mí lẹ́nu. Ooru mú àbúrò mi, ó já fèrèsé ọ̀dọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kò ju ìka méjì lọ, súfèé pa lẹ́nu bí ẹni gé e. Ó gbé e padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìkejì, nígbà tí a fẹ́ ya tírélà kan sílẹ̀, bá a ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gẹ́lẹ́ ó dákẹ́, bá a ṣe yọrí níwájú ẹ̀ ó gbé e. Ṣé ìyẹn ní ìtumọ̀?

Onígíláàsì Mókólá

Ó ní ìtumọ̀ gan-an, màmá. Ọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn ló jẹ́ kí n dá sí i. Mo ti ń lẹ gíláàsì mọ́tò ó pẹ́ díẹ̀, irú ìró yìí kò ṣàjèjì sí mi.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ tó ń gba orí gíláàsì iwájú kọjá sórí òrùlé máa ń yára ju eré ọkọ̀ fúnra ẹ̀ lọ. Ibi tó ti ń yára bẹ́ẹ̀, ó máa ń fa nǹkan mọ́ra. Tí ihò tín-ín-rín kan bá wà létí gíláàsì tàbí létí ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ á máa fẹ́ gba ibẹ̀ jáde, á máa súfèé bí ẹni fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò. Tẹ́ ẹ bá já fèrèsé sílẹ̀, afẹ́fẹ́ inú àti tìta á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò ní sí ohun tó ń tì í gba ihò yẹn mọ́. Ìdí tó fi dákẹ́ nìyẹn. Tírélà náà gba afẹ́fẹ́ lọ́nà fún yín fúngbà díẹ̀, òun náà nìyẹn.

Ó ti dájú pé afẹ́fẹ́ ni. Ibo ló ti ń wọ̀ tàbí tó ti ń jáde ló kù. Ẹ lọ ra pépà téèpù, èyí tí àwọn tó ń fín ọkọ̀ lọ́dà máa ń lò, torí kì í bó ọ̀dà. Ẹ fi lẹ gbogbo etí gíláàsì iwájú, òkè àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí téèpù jókòó dáadáa lórí gíláàsì àti lórí irin. Ẹ lẹ ìdí dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, níbi tó ti kan ilẹ̀kùn. Ẹ lẹ àlàfo òkè àwọn ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò ní wọlé gbà. Ẹ wá sáré lórí 90. Tó bá dákẹ́, ẹ dúró síbi tí kò léwu, ẹ ṣí téèpù ibì kan ṣoṣo, ẹ tún sáré. Ibi tẹ́ ẹ bá ṣí tí súfèé fi padà, ibẹ̀ ni. Ẹ má ṣí ibi méjì pọ̀, á da gbogbo ẹ̀ rú.

Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ fi bébà yẹ rọ́bà ilẹ̀kùn wò: ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ bébà náà, kẹ́ ẹ fà á. Tó bá rọra le kó tó jáde, rọ́bà ṣì ń ṣiṣẹ́. Tó bá yọ̀ bọ̀rọ́, ibẹ̀ ti fẹjú.

Ìbéèrè mi kan ṣoṣo: ṣé wọ́n ti pàrọ̀ gíláàsì iwájú ọkọ̀ yìí rí?

Ọmọ Kétu

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi láti ìlú Benin níbí. Ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ bá ní irin ìdìrù lórí òrùlé, kó kọ́kọ́ tú irin tó dábùú yẹn wò. Irin róbótó lásán tí kò sí ẹrù lórí ẹ̀ máa ń súfèé lójú afẹ́fẹ́. Tí kò bá ṣeé tú, kó fi okùn yí i lára láti orí dé ìdí, okùn yẹn á fọ́ afẹ́fẹ́ sí wẹ́wẹ́, kò ní rójú dún mọ́.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ọmọ Kétu, ẹ ṣeun, ọkọ̀ tèmi ò ní irin lórí.

Onígíláàsì, àfi bíi pé ẹ wà níbẹ̀! Lóòótọ́ ni, wọ́n ti pàrọ̀ ẹ̀. Òkúta ta láti abẹ́ taya ọkọ̀ ńlá kan nítòsí Ṣágámù, gíláàsì iwájú sán. Ojú ọ̀nà kan báyìí ni wọ́n ti bá mi lẹ òmíràn. Nígbà òjò ni, ká sì sòótọ́, lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ súfèé yìí.

A ti lẹ téèpù. Rọ́bà ilẹ̀kùn le dáadáa, bébà ò yọ̀. Pẹ̀lú téèpù lára, a sáré dé 100, ìparọ́rọ́ ni. A ṣí ti dígí ẹ̀gbẹ́, kò sí ìró. A ṣí ti ilẹ̀kùn, kò sí. A ṣí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì lápá awakọ̀, kò sí. Nígbà tí a ṣí òkè gíláàsì, igun ọ̀tún, ó gbé e: fíìì. A dá téèpù yẹn nìkan padà, ó pa.

Mẹkáníìkì Ìwó Road

Ẹ wo bí owó alternator ṣe yè. Onígíláàsì, ọwọ́ yín ló kù sí o.

Dírẹ́bà Ọ̀jọ́ta

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ ra ọ̀pá sílíkóònù kan, kẹ́ ẹ fún un sí igun yẹn, kẹ́ ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó parí. Èmi náà ṣe é sí báàsì mi.

Onígíláàsì Mókólá

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀jọ́ta, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí màmá ṣe ìyẹn. Sílíkóònù tí wọ́n fi ń lẹ ilé ìwẹ̀ kì í ṣe gọ́ọ̀mù gíláàsì mọ́tò. Kì í di gíláàsì mú bó ṣe yẹ, òmíràn nínú ẹ̀ máa ń mú kí irin dípẹtà, ibi tó bá sì ti kàn, gọ́ọ̀mù gidi ò ní lẹ̀ síbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe. Polyurethane ni gọ́ọ̀mù tó yẹ.

Ohun tó jẹ mí lógún ju súfèé lọ ni pé gíláàsì iwájú kì í ṣe ohun tí a kàn fi ń dènà òjò. Ó wà lára ohun tó gbé òrùlé dúró tí ọkọ̀ bá dojú dé. Airbag (àpò tó ń wú tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan) ti ẹni tó jókòó níwájú náà, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òkè ló ń bẹ́ sí, á fi ẹ̀yìn ti gíláàsì kó tó kọjú sí èèyàn. Tí gíláàsì ò bá lẹ̀ dáadáa, airbag lè tì í jáde, kó má sì sí níbi tó yẹ kó wà nígbà tí orí ẹni yẹn bá ń bọ̀ níwájú. Ẹ̀yin ń gbé ọmọ sínú ọkọ̀ yìí. Súfèé yẹn ń sọ fún yín pé ibì kan ò lẹ̀, ẹ má fi sílíkóònù pa á lẹ́nu.

Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ síbikíbi, ẹ fojú yín rí i. Ẹ tan fáànù AC dé òpin, kó máa fa afẹ́fẹ́ ìta, kì í ṣe ti inú. Ẹ gbé gbogbo fèrèsé, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ po omi ọṣẹ kó ki, ẹ fi kànìnkànìn fún un sí etí gíláàsì náà láti ìta. Níbi tí ihò bá wà, atẹ́gùn inú á máa tì í, ìfófòó á máa wú jáde níbẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi han ẹni tó máa tún un ṣe.

Ẹni yẹn ní láti yọ gíláàsì náà pátá. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ tó wà lára irin, kó fi ọ̀bẹ gé e kó ku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bíi mìlímítà kan tàbí méjì, torí tuntun máa ń lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa tó bá mọ́. Ibi tí irin bá ti dípẹtà, kó họ ọ́, kó fi práímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀, pa á, kó jẹ́ kó gbẹ. Kó nu etí gíláàsì, kó fi práímà tiẹ̀ pa òun náà. Tó bá ń fún gọ́ọ̀mù, kó fún un lẹ́ẹ̀kan lọ yíká, kó ga, kí orí ẹ̀ ṣóńṣó, kí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ẹ̀ sì wọnú ara wọn. Ibi ìpàdé yẹn ló sábà máa ń ní àlàfo.

Iye wákàtí tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró wà lára ọ̀pá gọ́ọ̀mù, ẹ kà á fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ já fèrèsé kan sílẹ̀ díẹ̀, ẹ má fi ipá ti ilẹ̀kùn, torí atẹ́gùn tó bá há sínú lè ti gíláàsì tí kò tíì gbẹ. Ẹ má sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ọkọ̀ títí bí ọjọ́ méjì.

Olùkọ́ Ìkìrun

Mo ti ń wakọ̀ láti ìgbà èwe mi, n kò mọ̀ pé gíláàsì ló ń gba airbag dúró. Ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Omi ọṣẹ yẹn, ó yẹ kẹ́ ẹ rí i: gbogbo etí gíláàsì jẹ́ẹ́, àfi igun ọ̀tún lókè tó ń yọ ìfófòó wẹẹrẹ, lọ́tun lọ́tun, bí mo ṣe ń nù ún ló ń padà.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ onígíláàsì kan tí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀. Nígbà tó yọ gíláàsì, ó pè mí wá wò. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fún nígbà yẹn yíká dáadáa títí tó fi dé igun yẹn, ibẹ̀ ni orí àti ìdí ẹ̀ ò ti pàdé, àlàfo ibẹ̀ gbà mí ní ìka kan. Omi òjò ti ń gba ibẹ̀ wọlé, irin abẹ́ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Níbòmíràn, ó fi ọwọ́ lásán fa gọ́ọ̀mù náà, ó ṣí kúrò lára irin bíi pílásítà, torí pé eruku ló lẹ̀ mọ́. Ó họ irin, ó kùn ún, ó ṣe gbogbo ohun tí Onígíláàsì Mókólá sọ, ó sì ní kí ọkọ̀ sun ibẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lánàá ni mo lọ sí Èkó, mo wà lórí 100 tí òfin gbà wá láyè, ẹni tó jókòó tì mí ń rọra sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ ọ. Alternator mi àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ṣakí

Ẹ kú oríire, màmá. Ọ̀gá Ìwó Road, ẹ jọ̀ọ́, tèmi yàtọ̀. Mọ́tò mi ń súfèé níbi tó dúró sí láì rìn. Tí mo bá tẹ iná díẹ̀, súfèé á lọ. Iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì ti tàn, ẹni tó fi sikánà wò ó ní kóòdù P0171 ló gbé jáde, ó ní kí n ra sẹ́ńsọ̀.

Mẹkáníìkì Ìwó Road

Ẹ dá sẹ́ńsọ̀ dúró ná. P0171 ń sọ pé atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnnì pọ̀ ju èyí tó yẹ pẹ̀lú pẹtiróòlù tó ń wọ̀ ọ́ lọ. Pẹ̀lú súfèé lórí ìdúró, ó jọ pé ẹ́ńjìnnì ń fa atẹ́gùn níbi tí kò yẹ, torí ìgbà tí ẹsẹ̀ ò bá sí lórí iná ló ń fà á gidi jù.

Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, kẹ́ ẹ fa géèjì ọ́ìlì jáde díẹ̀. Tí súfèé bá dákẹ́, ọ̀nà PCV, èyí tó ń dá èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà kó lè jó, ni, fáàfù ẹ̀ tàbí họ́ọ̀sì ẹ̀. Tí kò bá dákẹ́, ẹ mú omi ọṣẹ nínú ike ìfọ́n, ẹ fọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sí oríkèé àwọn họ́ọ̀sì atẹ́gùn àti ibi tí màníìfóòlù, páìpù tó ń pín atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì, ti kan án. Ibi tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ti yí padà, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má fọ́n ọn sórí wáyà tàbí ẹnu fílítà, kí ọwọ́ àti aṣọ yín sì jìnnà sí bẹ́líìtì. Ẹ má lo pẹtiróòlù tàbí nǹkan tó ń gbiná láti fi wá a, sàlẹ́ńsà gbóná nítòsí ibẹ̀.

Tí ẹsẹ̀ bíréékì bá tún le, tó sì ń ṣe ṣíì tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ fún mi kíákíá, ẹ má gbé e jáde. Ìyẹn lè jẹ́ búsítà bíréékì, èyí tó ń bá ẹsẹ̀ yín tẹ bíréékì.

Ọmọ Ṣakí

Bíréékì ò le. Mo fa géèjì, kò dákẹ́. Omi ọṣẹ ló bá mi mú un: họ́ọ̀sì dúdú kékeré kan lẹ́yìn màníìfóòlù ti là ní abẹ́, níbi tí wọ́n fi kílíìpù mú un. Bí omi ṣe kàn án, ẹ́ńjìnnì kọsẹ̀ díẹ̀, súfèé náà sì dá. Ṣé kí n gé ibi tó là kúrò kí n tún un kì bọ̀ ọ́, àbí kí n ra tuntun?

Mẹkáníìkì Ìwó Road

Ẹ ra tuntun. Ọ̀kan tó ti là ti le jálẹ̀, ẹ máa gé e lónìí, á tún là níwájú. Ẹ gé díẹ̀ lára àtijọ́ dání lọ sọ́jà kí wọ́n lè fi wọn fífẹ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì pàrọ̀ kílíìpù pọ̀ mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ti fi sí i, ẹ ní kí ẹni tó ni sikánà pa P0171 rẹ́, ẹ wà á fún ọjọ́ mélòó kan. Tí iná yẹn ò bá tàn mọ́, ẹ ò nílò sẹ́ńsọ̀ kankan.